Bàálù Ò Ṣeé Páàkì Lókè

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé inú ẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Bàálù tí gbogbo wa máa ń wò lókè, a máa ń rò pé ilé ńlá kan ló ń fò lọ. Èyí tí wọ́n fi kọ́ mi, ẹni méjì péré ló ń gbà, àwọn méjèèjì á sì fún mọ́ra. Orúnkún mi ń kan ti olùkọ́ mi, èjìká mi ń kan tiẹ̀. Tó bá wúkọ́, ara mi á mì. Ilẹ̀kùn ẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ilẹ̀kùn fíríìjì àtijọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì kó tó dì. Wọ́n á wá fi bẹ́líìtì dè yín láyà, wọ́n á dè yín nítan, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí tésàn. Tẹ́ ẹ bá ń rò ó pé ẹ fẹ́ kọ́ bàálù wíwà, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ pe ẹnì kan tó sanra kó wá jókòó tì yín, kí ẹ wá ti ilẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá lè fara dà á, ẹ máa bọ̀.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù ọkọ̀ o. Kí n tó débẹ̀, kò sí ohun tó ní ẹ́ńjìnnì tí mi ò tíì wà nílùú Iléṣà. Mo gun ọ̀kadà, mo wa Màrúwá, mo wa típà tó ń kó yẹ̀pẹ̀ ní Ìtagunmodi níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn. Ilé-ìwé nìkan ni mi ò bá wọn ṣe parí. SS Tuu ni mo ti jù ú sílẹ̀, torí ìjókòó ibẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ wò ó báyìí: ìjókòó ni mo sá fún, mo wá lọ kó sínú ọkọ̀ tí èèyàn ò lè nàró nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà ló bi mí lórí fóònù pé kí ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe gan-an. Mo ní mo fẹ́ wa bàálù. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín ni, kò rẹ́rìn-ín. Ó wádìí, ó rí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tó ń lo pápá bàálù kan lẹ́yìn Òṣogbo, ó ní òun á sanwó títí mo fi máa dá fò. Kéèyàn dá fò, ìyẹn ni pé olùkọ́ á sọ̀kalẹ̀, á fi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lóun nìkan, kó gbéra, kó yí pápá po, kó sì balẹ̀ láìsí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá ti dá fò, òun á mọ̀ pé ojú mi wà níbẹ̀, òun á sanwó ìyókù.

Bàbá mi fi tiẹ̀ kún un. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìbòkun.

"Títí kòkó fi máa pọ́n ni mo fún ẹ," wọ́n ní. "Tí kòkó bá pọ́n tí o ò tíì dá fò, o máa wálé wá mú àdá. Gbogbo àwọn tó kù ti lọ. Ta ni mo fẹ́ bá ṣe é?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní bí Bàbá ṣe wí i náà ló máa rí.

Ó yẹ kí n dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kí n lọ kọ́ nǹkan tí mo fẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbélé. Mo sọ fún gbogbo àwọn tó wà ní páàkì Màrúwá pé kó tó di Kérésì, màá gba orí wọn kọjá, màá fi ìyẹ́ bàálù bò wọ́n lójú oòrùn. Wọ́n yí orúkọ mi pa dà sí Páílọ́ọ̀tì lójú ẹsẹ̀. Màámi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè mí jáde síwájú, wọ́n gbàdúrà fún mi. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàdúrà fún èèyàn báyẹn, báwo ló ṣe fẹ́ pa dà wá gun ọ̀kadà?

Àbúrò màámi ni mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Òṣogbo. Ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Rélùwéè ni bàbá ọkọ wọn ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, bàbá náà, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló sì ń darí ilé bíi pé ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba pálọ̀ kọjá. Àkókò wà fún omi, àkókò wà fún oúnjẹ, àkókò wà fún ìròyìn. Tí wọ́n bá ti kírun Mangarìbí tán, wọ́n ti gétì nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ á wọ àpò wọn. Mo tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ kan pé mo fẹ́ jáde lọ ra káàdì fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n pe Àǹtí mi láti kíṣìnnì.

"Ẹ wá gbọ́ o. A ò tíì lè fún un ní kọ́kọ́rọ́ gétì, àwọn kan fẹ́ lọ fún un ní bàálù."

Bí mo ṣe máa ń kúrò nínú ilé tí wọ́n tì nìyẹn, tí màá lọ wọ inú bàálù tí wọ́n tì.

Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pe olùkọ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tèmi ni, ọkùnrin gbàǹgbà tí irun orí ẹ̀ ti funfun. Nílẹ̀ òkèèrè, bàálù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí oko ńláńlá ló wà kó tó pa dà wálé. Òyìnbó ló kọ́kọ́ fi ń kọ́ mi. Gbogbo ohun tó bá ti sọ, "Yẹ́s, sà" ni mò ń dá a lóhùn. Ó ní kí n wo òsì, mo ní yẹ́s, sà, mo wo ọ̀tún. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó wò mí.

"Ṣé o ń gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ rárá?"

"Mò ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, sà."

"Díẹ̀díẹ̀ kọ́. Èmi ò ní kú sínú gírámà. Yorùbá la máa sọ."

Látọjọ́ náà, Yorùbá là ń sọ nínú bàálù, àfi tó bá ń bá àwọn tó wà nídìí rédíò sọ̀rọ̀. Àmọ́ Yorùbá tiẹ̀ jẹ́ ti àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà, irú èyí tí ìyá màámi ń sọ. Tèmi, ti gáréèjì ni. Mi ò kà á sí nǹkan kan. Yorùbá ṣáà ni Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ̀. Ẹ ò ní fò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé. Ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́, ìwé tó ki, tó kún fún àwòrán atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ó máa yí bàálù ká kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù, ẹ ó máa fọwọ́ pa ìyẹ́ ẹ̀, ẹ ó máa mi ìrù ẹ̀ wò. Ẹ máa gun àkàsọ̀ wo inú táǹkì fúnra yín, torí géèjì a máa parọ́. Ẹ máa fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ife kékeré kan, kẹ́ ẹ gbé e sókè wò ó bóyá omi wà nínú ẹ̀. Mo bi Ọ̀gá pé ṣé wọ́n ń ta epo lúlú fún àwọn náà ni. Ó ní rárá, pé tí táǹkì ò bá kún mọ́jú, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń di omi bí ìrì.

"Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá mu omi nílẹ̀, wọ́n á tì í," ó ní. "Èyí tó bá mu omi lókè, ta lo fẹ́ bẹ̀ kó bá ẹ tì í?"

Ohun tó kọ́kọ́ dójú tì mí ni sítíárìn. Nílẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí bàálù, kì í ṣe ọwọ́. Pẹ́dà méjì wà nísàlẹ̀, ẹ tẹ tòsì, á yà sósì, ẹ tẹ tọ̀tún, á yà sọ́tùn-ún. Nǹkan tó dà bíi sítíárìn tó wà níwájú yín, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá dókè kó tó wúlò. Èmi tí mo ti wa típà, ọwọ́ mi ò gbà. Ọ̀nà yà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí sítíárìn bí ẹni tó fẹ́ wọ gáréèjì, bàálù sì ń lọ tààrà ní tiẹ̀. Ọ̀gá káwọ́ sáyà, kò sọ nǹkan kan títí a fi wọ inú koríko.

"Dírẹ́bà," ó ní, "ṣé a ti dé Ìtagunmodi?"

Mo kọ́ ọ, mo sì tètè kọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mi ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe. Láàárín ìgbà díẹ̀, mo ti ń gbé bàálù kúrò lórí rọ́nwéè, ìyẹn títì tó ń sáré lórí ẹ̀, mo ti ń yí pápá po, mò ń rí Òṣogbo nísàlẹ̀ tí gbogbo páànù ẹ̀ pọ́n bíi pé wọ́n yan án. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ní ọwọ́ mi yá. Ṣùgbọ́n ó ní mò ń dì í mú jù. Ó ní ìka mẹ́ta ti tó, kí n dì í mú bí ẹni mú ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Tí mo bá ti dókè báyìí, ọwọ́ mi á di iṣu sára ẹ̀, òógùn á máa ṣàn lápá mi wá sílẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rù. Ohun tó ń ṣe mí ni pé kò sí ibi ìdúró. Tí ọ̀kadà bá sú èèyàn, á páàkì sábẹ́ igi, á ra omi tútù. Típà náà, èèyàn lè pa á, kó sùn lábẹ́ ẹ̀. Bàálù ò ṣeé páàkì lókè. Tẹ́ ẹ bá ti gbéra, ẹ ti tọrùn bọ̀ ọ́ títí ẹ fi máa gbé e balẹ̀, kò sí ti pé ó rẹ̀ mí, kò sí ti pé ẹ jẹ́ kí n ronú ná. Tẹ́ ẹ bá dín eré kù jù, ìyẹ́ ò ní gbé e mọ́. Fèrè kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń ké tí eré bá ti ń kéré jù, ohùn ẹ̀ tínrín bíi ti ọmọ tó ń sunkún nínú yàrá kejì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, imú bàálù ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fún un lépo. Gbogbo ara yín á máa sọ pé kẹ́ ẹ fà á sókè. Irọ́ ni ara yín ń pa.

Mo mọ èyí dáadáa. Mo lè sọ ọ́ lójú oorun.

Kòkó ti ń pọ́n. Bàbá mi ń pè mí ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, wọn kì í kí mi ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ti apá odò ti pọ́n. Ṣé o ti dá fò?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

"Ti ẹ̀yìn ilé náà ti ń pọ́n."

Ọ̀gá ti sọ pé lọ́sẹ̀ náà gan-an ni òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí n máa lọ. Gbogbo ara mi ti wà ní páàkì Màrúwá. Mo ti mọ bí mo ṣe máa rìn dé ibẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ sórí rọ́nwéè. A ń bọ̀ nílẹ̀. Mo rí i pé a ti lọ sílẹ̀ jù, a ò sì tíì dé ibi tó yẹ ká dé, mo bá fa sítíárìn díẹ̀ mọ́ra kó lè sún síwájú. Fèrè ké. Mo tún fà á. Ọ̀gá ní, "Jọ̀wọ́."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin yẹn ò bẹ̀ mí rí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ó ti pè mí ní dírẹ́bà, ó ti pè mí ní ọmọ onígbèéraga, ó ti bi mí bóyá ilé ẹran ni mo ti kọ́ ìwé. Kò sọ jọ̀wọ́ fún mi rí, kódà tó bá fẹ́ gba omi lọ́wọ́ mi. Orí mi wú. Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹ̀rù ń ba àgbàlagbà yìí, ẹ̀rù ò bà mí, òní ló máa mọ irú ọmọ tí òun ń kọ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," mo ní. Mo tún dì í mú dáadáa.

"Jọ̀wọ́ ẹ̀."

Mo rò pé ẹnu ló ń kọ́ ọ. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀, Ọ̀gá. Mo ti mú un."

Ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ gún mi láyà. Lẹ́yìn náà ló gbá ọwọ́ mi kúrò, ó ti imú bàálù sílẹ̀, ó ti lífà epo síwájú títí dé òpin. Ó ti pẹ́ jù. Ilẹ̀ gbá wa láti ìsàlẹ̀, eyín mi pàdé, a fò sókè, a ṣe bí ẹni pé a fẹ́ dojú dé, ó dì í mú níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, koríko ń sáré kọjá lábẹ́ wa ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó yẹ ká wà, a sì rọra ń gòkè pa dà, díẹ̀díẹ̀.

Ó di dandan ká yí pápá po kí a tó lè tún balẹ̀. Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ àárín itan. Bẹ́líìtì fún mi lọ́rùn, orúnkún ẹ̀ ń kan tèmi, mi ò sì lè sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ká ní ọ̀kadà ni, màá ti bọ́ sílẹ̀ sá lọ. Nísàlẹ̀, mò ń rí ojú ọ̀nà tó lọ sí Iléṣà, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń lọ lórí ẹ̀, gbogbo àwọn tó wà nínú wọn lè ní kí dírẹ́bà dúró, kí àwọn sọ̀.

A balẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Kò ṣí ilẹ̀kùn.

"Kí ni mo sọ fún ẹ lókè yẹn?"

"Ẹ bẹ̀ mí, sà."

"Mo ṣe kí ni?"

"Ẹ bẹ̀ mí. Ẹ ní jọ̀wọ́."

Ó yíjú sí mi. Mo rò pé á gbá mi létí, àyè ò sì sí tí màá fi yẹ̀ ẹ́.

"Èmi bẹ̀ ẹ́? Pé kí ni?"

"Pé kí n má jẹ́ kó já, sà. Mo wá ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ọmọ yìí," ó ní. "Ọmọ yìí, tí okùn ewúrẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ, tí mo ní kó o jọ̀wọ́ ẹ̀, kí lo máa ṣe?"

Mo ronú. "Màá ju okùn sílẹ̀, sà."

"Ṣé ewúrẹ́ ni mo bẹ̀ ni, àbí ìwọ?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìyá màámi máa ń sọ ọ́: jọ̀wọ́ aṣọ mi, jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ adìyẹ yẹn. Jọ̀wọ́ tó túmọ̀ sí pé kí n tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gáréèjì, ẹ̀bẹ̀ nìkan la mọ̀ ọ́n sí. Inú bí mi, mi ò ní parọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ò ní 'fi sílẹ̀', sà. Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ nìyẹn."

"Fi sílẹ̀. Tí mo bá ní kó o fi sílẹ̀, o máa rò pé mo ní kó o fi bàálù sílẹ̀, o máa ṣílẹ̀kùn."

"Ṣé ẹ ò lè ní 'gbé ọwọ́ ẹ kúrò'?"

"Kí n tó parí gbólóhùn yẹn, a ti wà ní mọ́ṣúárì ní Òṣogbo." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mi gbogbo ọkọ̀ náà, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ó rò pé mo ń bẹ òun. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀."

Wọ́n ní láti yẹ ẹsẹ̀ bàálù wò, wọ́n tú u palẹ̀. Títí wọ́n fi tò ó pa dà, mi ò fò. Kòkó ń pọ́n. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, Ọ̀gá ní ká wọlé, kí a de bẹ́líìtì, kí a ti ilẹ̀kùn. Kò tan ẹ́ńjìnnì. Oòrùn wà lórí wa gbangba, fèrèsé ò sì ṣeé ṣí tán. Ó ní ọ̀rọ̀ tuntun la máa lò. Tó bá fẹ́ gbé e lé mi lọ́wọ́, á ní, "Ó di tìẹ." Èmi á ní, "Ó ti di tèmi," ìgbà yẹn ni òun á tó gbọ́wọ́ kúrò. Tó bá fẹ́ gbà á, á ní, "Ó di tèmi," èmi á ní, "Ó ti di tiyín," kí ọwọ́ mi tó kúrò. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bàálù, èdè yòówù kẹ́ ẹ máa sọ, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra.

"Ó di tìẹ."

"Ó ti di tèmi, sà."

"Yọ sà kúrò."

"Ó ti di tèmi." Ẹnu mi ń wúwo. "Ẹ máà bínú, sà."

"Kí o tó sọ sà tán, ilẹ̀ ti dé. Ó di tèmi."

"Ó ti di tiyín, sà."

"Yọ ọ́."

A ṣe é títí òógùn fi gba aṣọ mi. Bàálù tí kò lọ síbì kankan, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ké, àwa méjì nínú ẹ̀, à ń fún ara wa lóhun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹkáníìkì jókòó sábẹ́ òjìji ìyẹ́ ẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń wò wá. Ó wá ní èmi náà gbọ́dọ̀ lè gbà á lọ́wọ́ òun, pé tí òun bá dákú ńkọ́. Ó ní kí n wojú òun, kí n ní ó di tèmi. Mo gbìyànjú ẹ̀. Ojú mi ń yẹ̀. Mo ti bú àwọn dírẹ́bà tí wọ́n dàgbà ju bàbá mi lọ ní Ìtagunmodi, ṣùgbọ́n kí n jókòó ti àgbàlagbà kan, kí n wò ó lójú, kí n ní nǹkan ọwọ́ ẹ̀ ti di tèmi, láìsí sà, láìsí ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí i ṣe.

Bàbá mi pè. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ti pọ́n, kí n máa bọ̀ ní Sátidé.

Ọjọ́ Fráídè, ní òwúrọ̀, Ọ̀gá bá mi fò lẹ́ẹ̀mejì. Mo balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì bí ẹni gbé ẹyin sílẹ̀. Ọ̀gá ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú bẹ́líìtì ẹ̀.

"Ṣé kí n sọ̀kalẹ̀?"

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, sà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó rìn lọ sínú koríko. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Ẹ rò pé àyè máa wá gbà mí. Kò gbà mí. Mo fi ẹsẹ̀ darí bàálù lọ sí ìkángun rọ́nwéè, mo yí i pa dà, mo kọjú síwájú.

Òkè kékeré kan wà ní òpin pápá náà lọ́hùn-ún. Nígbà tí a balẹ̀, ó ṣì hàn. Ọyẹ́ ti ń bọ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan, kùrukùru ẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, òfin Ọ̀gá sì ni pé tí ojú ò bá ti rí òkè yẹn, bàálù ò gbéra. Mo wo ibẹ̀. Funfun ni. Mo nu gíláàsì. Funfun náà ni.

Mo jókòó síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń lọ. Tí mo bá ti lífà síwájú, mo ti dá fò, ẹ̀gbọ́n mi á sanwó, èmi á lọ sí páàkì. Ṣùgbọ́n tí mo bá dókè tí mi ò rí ilẹ̀ mọ́, ibo ni mo fẹ́ dúró sí títí ojú ọ̀run á fi mọ́? Tí mo bá pa dà, àdá ni. Mo wo ọ̀tún mi kí n tó rántí pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo sọ ohun tí mo ní í sọ lórí rédíò, mo yí bàálù, mo sì fi ẹsẹ̀ darí ẹ̀ pa dà.

Ọ̀gá wá bá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé?"

"Mi ò rí òkè mọ́, sà."

Ó wẹ̀yìn, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Èmi náà ò rí i." Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sórí ìyẹ́ bàálù. "Pa ẹ́ńjìnnì. Tí ojú ọ̀run bá mọ́, máa bọ̀."

"Àwọn ará ilé mi lè má jẹ́ kí n bọ̀ mọ́, sà."

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ èmi àtìẹ."

Mo dé abúlé ní Sátidé. Bàbá mi wà nídìí òkìtì kòkó pẹ̀lú àwọn alágbàṣe méjì tó ń bá wọn fọ́ ọ. Wọn ò jẹ́ kí n gbé báàgì sílẹ̀.

"Ṣé o dá fò?"

"Rárá, sà."

"Kí ló fà á?"

"Kùrukùru, sà."

Wọ́n gbójú sókè bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wádìí ẹ̀. Gbogbo ojú ọ̀run ti di eérú.

"Ṣé olùkọ́ ẹ ló ní kó o má lọ?"

"Ó ti sọ̀kalẹ̀, sà. Èmi nìkan ló kù nínú ẹ̀. Èmi ni mo pa dà."

"Ìwọ lo pa dà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n na àdá sí mi. A jẹun ọ̀sán tán kí wọ́n tó pe ẹ̀gbọ́n mi, lójú mi, wọ́n gbé fóònù jìnnà sétí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Kùrukùru ló dá a dúró. Jẹ́ ká fọ́ kòkó yìí, ká sá a. Tí ọyẹ́ bá lọ, ká tó mọ ohun tó kàn."

Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n sọ yẹn túmọ̀ sí pé màá pa dà lọ àbí mi ò ní lọ mọ́. Mi ò béèrè. Ọyẹ́ ò lọ bọ̀rọ̀. Orí wa ni kùrukùru náà bà lé, igi kòkó yí wa ká, omi kòkó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàálù ńlá kan gba òkè kọjá, a ò rí i, ìró ẹ̀ là ń gbọ́. Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n wá wò mí.

"Páílọ́ọ̀tì, ibo nìyẹn ń lọ?"

"Àbújá," mo ní.

Mi ò mọ ibi tó ń lọ. Mo mú kòkó míì, mo fọ́ ọ.